Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Bí ó ti wù kí ojú àlejò mọ́lẹ̀ tó, onílé ni yóò fi ọ̀nà odò hàn án. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ fi ṣáájú ohun tí a ní í sọ fún ẹ̀yin ará wa lónìí, nítorí pé àwa gan-an ni ó bá wí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Old Kent Road mọ̀ pé òpópónà náà kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Nínú eré Monopoly tí àwọn Òyìnbó ń ta, kò sí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ jù ú lọ lówó: £60 péré ni wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ibẹ̀ níyì. Ibẹ̀ ni a ti ń ra èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí, ibẹ̀ náà ni a ti sọ ilé ìkẹ́rùsí di ilé àdúrà. Nígbà tí àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Roehampton gbé iye ìjọ àwọn ènìyàn dúdú ní Southwark jáde ní 2013, 240 ni wọ́n kà.

Ọ̀kan nínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwọn aládùúgbò mélòó kan, ló ránṣẹ́ pè wá ní 2018. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ìdílé ogunléndé kan láti Síríà sí àdúgbò, kí àwa tí a jẹ́ oníṣirò owó wá bá àwọn yẹ ìwé wò. Ètò tí wọ́n fẹ́ bá wọlé ni èyí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní July 2016, tí wọ́n pè ní Community Sponsorship. Nínú ètò yìí, àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló ń gba àlejò. Nígbà náà, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ní £9,000, ó kéré tán, fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan tí ń bọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá ilé tí ìdílé náà yóò gbé fún ọdún méjì. Káńsù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí Home Office tó gbà. Àwọn ni yóò lọ pàdé àlejò ní pápá ọkọ̀ òfurufú, àwọn ni yóò mú wọn lọ rí dókítà, tí wọn yóò fi ọmọ síléèwé, tí wọn yóò sì rí i pé àgbà ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

A jókòó ti ìwé náà. Owó ilé, owó iná, owó aṣọ òtútù, owó ògbufọ̀, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ẹnì kan kọ ọ́ sí pé: "Ìrànwọ́ fún àgbà tó bá fẹ́ lọ sí yunifásítì, £1,200."

Kí a tó sọ̀rọ̀ ni ìyá kan ti dìde. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá Akáńtáńtì, ta ló ṣe irú èyí fún ọmọ tiwa?" Gbogbo ilé dákẹ́, nítorí a mọ ohun tí ojú wọn ti rí. Ọmọ wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tó dé Peckham. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ó sì yege dáadáa ní 2012. Ìgbà tó fẹ́ wọ yunifásítì ni wọ́n sọ fún un pé ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì kún tó, pé kò lè yá owó ìjọba, pé iye tí ará òkèèrè ń san ni yóò san. Ọdún mẹ́ta ló fi ń to ọjà sórí pẹpẹ ní òru. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa nígbà náà. July 2015 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dá ẹjọ́ Beaurish Tigere, ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Sáńbíà tó sì dé ilẹ̀ yìí ní 2001. Ilé-ẹjọ́ ní kò tọ́ kí wọ́n ti irú rẹ̀ pa mọ́ta láìwo iye ọdún tó ti lò níhìn-ín. Látàrí ìdájọ́ náà ni wọ́n fi yí òfin padà.

Ọ̀rọ̀ ìyá náà wọ̀ wá lára. A mú gègé pupa, a fa ìlà gbọọrọ sórí £1,200 náà. A ní kí wọ́n fi kún owó ilé. Gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí i.

Ìdílé náà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019: bàbá, ìyá, ọmọ méjì. Ní ọjọ́ tí a ṣe àsè ìkíni-káàbọ̀ fún wọn, tí a sì fi jọ̀lọ́ọ̀fù tó ta lẹ́nu dá wọn lóró díẹ̀, ìyá àwọn ọmọ náà mú àpò ọ̀rá kan jáde. Ìwé ló wà nínú rẹ̀. Ó ti wà ní ọdún kejì nínú ẹ̀kọ́ ìpoògùn kí ogun tó lé e kúrò nílé. Gbogbo ọ̀nà tó rìn, kò jẹ́ kí àpò náà bọ́ lọ́wọ́ òun. A rẹ́rìn-ín músẹ́, a ní kí ó kọ́kọ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ná. Ó dá ìwé rẹ̀ padà sínú ọ̀rá.

Ọdún méjì pé, ẹgbẹ́ ṣe ohun gbogbo tó wà nínú ìwé, ìṣirò sì bára mu délẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kan ní 2021, a wọ bọ́ọ̀sì 453 ní Old Kent Road, a sì bá obìnrin náà nínú rẹ̀, ó ń lọ tún ọ́fíìsì ṣe. Kò sí ìtìjú nínú iṣẹ́ yẹn. Àwa náà gbálẹ̀ nígbà tí a ń kàwé gboyè níhìn-ín. Ohun tó tì wá lójú ni ọ̀rọ̀ tó sọ. A bi í léèrè ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ní òun ti gbàgbé rẹ̀, nítorí òun gbọ́ pé ará òkèèrè ni wọn yóò ka òun sí, òun kò sì lè rí irú owó bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ẹ̀yin ará wa, kò rí bẹ́ẹ̀. July 2017 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tí wọ́n kó wá lábẹ́ ètò Síríà ní ipò ogunléndé gan-an. Ẹni tó bá sì ní ipò yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye tí ọmọ onílé ń san ni yóò san ní yunifásítì, ó sì lè yá owó ìjọba fún ẹ̀kọ́ láìdúró fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ṣì ń retí èsì ni wọ́n ń kà sí ará òkèèrè. Ẹ̀tọ́ obìnrin yìí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Sísọ rẹ̀ kì bá sì ná ẹgbẹ́ wa ní kọ́bọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìlà pupa náà kò ti kúrò lójú wa. Ẹ̀dùn ìyá yẹn tọ́, ṣùgbọ́n ìdájọ́ tí àwa gbé lé e lórí ni kò tọ́. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọmọ wa kò ṣí nítorí pé a bá wọn ti òmíràn mọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ta sì ni kò ṣe irú rẹ̀ fún wa rí? Ogunléndé ni Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ ní Freetown láìní ẹbí. Àwọn tó gbà á kò dúró lórí oúnjẹ àti aṣọ nìkan. Wọ́n kọ́ ọ ní ìwé, nígbà tó sì di 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Àwọn baba wa pẹ̀lú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934, láti inú owó tí àwọn Ìjẹ̀ṣà dá jọ. Àwa tí a ń kọ èyí, owó tí mọ̀lẹ́bí dá fún bàbá wa, díẹ̀díẹ̀, ló gbé wa débí.

Ní Kánádà, láti 1978 ni ẹgbẹ́ WUSC ti ń mú ọ̀dọ́ tó jẹ́ ogunléndé wá tààrà sí yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ló ń gbà wọ́n lálejò, wọ́n sì ń dá owó díẹ̀díẹ̀ mọ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn láti fi tọ́jú wọn. Ju 2,000 lọ ti gba ọ̀nà yẹn. Síbẹ̀, àjọ UNHCR sọ pé ní 2019, nínú 100 ọ̀dọ́ ogunléndé, 3 péré ló rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọ̀. Àfojúsùn wọn ni kí ó di 15 ní 2030.

A padà sọ́dọ̀ obìnrin náà. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni a fi jókòó ti fọ́ọ̀mù. A wá ẹni tó túmọ̀ ìwé inú ọ̀rá náà, a fi ránṣẹ́ sí UK ENIC tó ń díwọ̀n ìwé ẹ̀rí òkèèrè. Ìyá tó bínú níjọ́sí ni kò jẹ́ kí a wá ẹni tí yóò máa mú àwọn ọmọ láti iléèwé. Wọ́n ní àwọn ni. Ní September 2022 ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan tí wọ́n ń pè ní Access, tí àgbàlagbà fi ń wọ yunifásítì. Ní 2023 ó wọlé láti kọ́ ìpoògùn, ọdún mẹ́rin gbáko. Bí a bá ti sọ ọ̀rọ̀ náà ní 2019, ì bá ti parí. Ọdún méjì ni gègé wa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ibi tí a lè kọ ọ́ sí nínú ìwé ìṣirò.

Ní November 2025 ìjọba kéde pé àwọn yóò tún ọ̀nà ìgbàlejò yìí ṣe, àti pé àwọn yóò ṣí ọ̀nà mìíràn fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ogun lé kúrò nílé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún kan ilẹ̀kùn àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ wa. Bí wọ́n bá kàn án, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga sókè, lábẹ́ owó ilé gan-an. Ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju kí ó mọ ẹ̀tọ́ àlejò lọ, kí ó sì sọ ọ́ fún un ní oṣù àkọ́kọ́. Bí àlejò bá sì mú àpò ọ̀rá jáde níbi àsè, ẹ gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀, kí ẹ gbà á, kí ẹ kà á.