Nípa Bíréèkì Alùpùpù Tí Ó Ti Dàgbà

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830, ibi ìsádi ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ibi títẹ́jú. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ìlú ti ń gun òkè tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fi alùpùpù sọ̀ kalẹ̀ láti ìhà àpáta Olúmọ lọ sí odò Ògùn ní Láfẹ́nwá, yóò ti mọ̀ kí ó tó dé afárá bóyá olóòótọ́ ni bíréèkì rẹ̀ tàbí èké.

Èyí tí àwa ń gùn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìletò kan lójú ọ̀nà Ìmálà kì í ṣe ọmọdé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwa nìkan ni ó ń gbé, nítorí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ a máa wà lẹ́yìn wa. Bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ di aláìlágbára: a tẹ̀ ẹ́ títí, ó ń yọ̀ lọ bí ẹni pé a kò bá a wí. Ti iwájú ṣe òdìkejì: bí a bá ti fà á, kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ènìyàn a máa rò pé àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ̀nyí. Lára alùpùpù àtijọ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú rẹ̀. Họ́ọ̀bù ni irin tí ó dà bí ìlù láàrin ẹsẹ̀ alùpùpù. Nínú rẹ̀ ni bíréèkì ṣúù méjì wà, tí wọ́n tẹ̀ bí oṣù tuntun, tí a sì lẹ láínínì mọ́ wọn lẹ́yìn. Bí a bá fa bíréèkì, wáyà yóò yí irin kékeré kan tí a ń pè ní kámù. Kámù yóò ya àwọn ṣúù sọ́tọ̀, láínínì yóò sì di họ́ọ̀bù mú. Bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, síprínì ni yóò fà wọ́n padà. Louis Renault ará Faransé ṣe irú bíréèkì báyìí sí ọkọ̀ ní ọdún 1902, òun náà sì ni Honda CG 125 àtijọ́ tí àwọn ará ilé wa mọ̀ dáadáa ń lò.

Wàyí o, bí òjò àti ẹrẹ̀ bá mú kí kámù dípẹtà, kì yóò yí tán, kì yóò sì padà tán. Bí kò bá yí tán, bíréèkì kò lágbára. Bí kò bá padà tán, láínínì yóò máa ha họ́ọ̀bù ní gbogbo ọ̀nà, yóò gbóná, yóò sì dán bí dígí. Èyí tí ó bá sì ti dán bẹ́ẹ̀ kò tún lè di irin mú.

Àwọn mẹkáníìkì kan a máa yára sí nọ́ọ̀tì tí ó wà níparí irin bíréèkì. Wọn yóò fún un lẹ́ẹ̀mẹta, wọn yóò ní ó parí. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kámù tí ó ti há kì í fi fífún tú. Àmì kan wà: bí a bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, tí apá kámù àti irin tí ó ń fà á ṣe igun tí ó ju 90 dígíríì lọ, láínínì ti jẹ, ó tó pààrọ̀. Họ́ọ̀bù pẹ̀lú a máa jẹ. Èyí tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 110 mílímítà kò gbọdọ̀ ju 111 lọ.

A kò lè ṣàì sọ ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín nítorí àwọn ọmọdékùnrin tí ń kọ́ṣẹ́. Bí a bá ṣí họ́ọ̀bù, eruku dúdú a máa wà nínú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ a sì fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé! Asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ láínínì àtijọ́. Eruku rẹ̀ a máa fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ẹni náà yóò ti gbàgbé ọjọ́ tí ó fẹ́ ẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dè é pátápátá ní ọdún 1999. Àkísà tí a fi omi rin ni àwa fi nù ún, a sì di àkísà náà sínú ọ̀rá.

Iṣẹ́ náà gba gbogbo ọ̀sán Sátidé kan. A yọ kámù, a fi sáńpépà ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, a fi gíríìsì bíńtín pa á. Bíńtín ni a wí, nítorí gíríìsì tí ó bá kan láínínì ti bà á jẹ́. Láínínì iwájú ṣì nípọn, sáńpépà tó fún un. Ti ẹ̀yìn ti mu gíríìsì tí ó yọ́ jáde láti inú bẹ́árìnì, nítorí náà a ra tuntun. A gbé wáyà kọ́, a da ọ́ìlì sí i láti òkè. Ó lọ́ra púpọ̀: ìgbà tí a ti ilé ìsìn dé ní ọjọ́ kejì ni a tó rí i tí ó ń kán nísàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a wá kan nọ́ọ̀tì, a sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn lọ bí 20 sí 30 mílímítà kí ṣúù tó kan irin.

Ní ọjọ́ Ajé, jíà kejì ni a fi sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ́ńjìnì lè bá bíréèkì gbé nínú ẹrù náà. Nígbà tí a dé ilé-ẹ̀kọ́, a fọwọ́ kan họ́ọ̀bù iwájú. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò jó wa lọ́wọ́.