Tẹlifíṣọ̀n Màmá

Ọdún 1959 tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn ni wọ́n bí màmá wa. Látìgbà tí bàbá ti kú, màmá nìkan ló kù nínú ilé l'Ówódé. Wọ́n ní ilé ti dákẹ́ jù. Ni àwa ọmọ mẹ́ta bá dáwó tẹlifíṣọ̀n.

Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp: ínṣì 32 ni àbí 43? (Igun dé igun ni wọ́n ń wọn ínṣì yẹn o, kì í ṣe fífẹ̀.) Gbogbo wa la fẹ́ 43. Àwòrán á tóbi, àwọn àlejò á rí i.

Àfi ọ̀rọ̀ iná. Bàbá ló máa ń fa okùn jẹnẹrétọ̀; ọwọ́ màmá ò ká a. Bátìrì sólà kan ló wà nílé, 12 volt, 100Ah. Tá a bá lo ìdajì rẹ̀ kó má bàa tètè bàjẹ́, 600 watt-hour nìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n 32 tó ń jẹ 50 watt, pẹ̀lú dikódà, á lo bíi wákàtí mẹ́jọ. Èyí tá a fẹ́ràn ò ní pé mẹ́fà.

Màmá ò bèèrè ínṣì. "Ṣé á máa sọ̀rọ̀ títí tí oorun á fi gbé mi lọ?"

A ra 32. Nígbà tá a pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kejì, ariwo ìròyìn ò jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. A ò ní kí wọ́n dín in kù.