Ata, Ataare, Atalẹ̀: Kí Ni Wọ́n Fi Jọra?

Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí. Ojoojúmọ́ ni a ń lò ó, ṣùgbọ́n a kì í sábà dúró ronú lé e lórí. Ọ̀rọ̀ náà ni "ta".

Oyin dùn. Ewúro korò. Ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Ata ńkọ́? Ata kò dùn, kò korò, kò sì kan. Ṣe ni ó ń tani. "Ta" kan náà yìí ni a ń lò fún agbọ́n àti àkeekèé. Bí ọṣẹ bá wọ ọmọdé lójú nígbà tí a ń wẹ̀ ẹ́, yóò ké pé ó ń ta òun lójú. Èéfín igi tútù náà a máa tani lójú. Èyí fi hàn pé àwọn baba wa kò ka ata mọ́ àwọn ohun tí ahọ́n ń tọ́ wò. Àárín àwọn ohun tí ń dunni ni wọ́n tò ó sí. (Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí "dùn" dà yín láàmú níbí: oyin dùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ọjọ́ mìíràn ni ti ìyẹn.)

Èmi gbà pé inú "ta" yìí ni "ata" ti jáde. Ẹ wá wo iye nǹkan tí orúkọ náà kó mọ́ra. Ata rodo, ṣọ̀ǹbọ̀ àti ata wẹ́wẹ́ wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ọdún 1492 ni àwọn ọkọ̀ ojú omi kó irú wọn sọdá òkun. Mọ̀lẹ́bí tòmátì àti ìgbá ni wọ́n. Ataare ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òun ni a fi ń sọmọ lórúkọ títí di òní. Atalẹ̀, ìyẹn ata inú ilẹ̀, wá láti Éṣíà. Ẹbí kan náà ni òun àti ataare, ṣùgbọ́n wọn kò bá ata rodo tan rárá. Ewé wọn kò jọra, òdòdó wọn kò jọra. Ọ̀kan jẹ́ èso, èkejì jẹ́ kóró inú èso, ẹ̀kẹta ń ta sábẹ́ ilẹ̀ bí iṣu. Kí ló wá dé tí Yorùbá fi fún gbogbo wọn ní orúkọ kan náà?

Inú ara wa ni ìdáhùn wà. Ní ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n David Julius àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kalifóníà tí ó wà ní San Francisco rí ohun tí ata ń bá pàdé nínú ara. TRPV1 ni wọ́n ń pè é báyìí. Ní tèmi, oníbodè ni n óò pè é. Ẹ rántí oníbodè ayé àtijọ́, tí ń jókòó sí ẹnu odi ìlú, tí ó mọ ẹni tí òun yóò ṣílẹ̀kùn fún. Etí fọ́nrán iṣan tí ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ ni oníbodè yìí ń gbé, ní ahọ́n, ní ojú, ní imú àti ní awọ ara gbogbo. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Bí capsaicin, èròjà tí ń bẹ nínú ata rodo, bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí, èérún kálísíọ̀mù àti sódíọ̀mù tí ó ní agbára iná mànàmáná lára á rọ́ wọlé, ìròyìn á sì gba ojú iṣan lọ títí yóò fi dé ọpọlọ.

Ooru pẹ̀lú ń ṣí ilẹ̀kùn yìí. Bí ohun tí ó kàn wá bá ti gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius, oníbodè kan náà ni yóò ṣílẹ̀kùn. Ọpọlọ kò mọ èwo nínú ata àti iná ni ó kanlẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ata ń jó wa lẹ́nu, tí a sì ń làágùn nídìí ọbẹ̀ bí ẹni tí ó yáná. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jẹ iyán rí (uyán ni wọn yóò pè é fún yín ní Ìkọ̀lé) mọ̀ pé ọbẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ láti orí iná ń tani ju ọbẹ̀ kan náà lọ nígbà tí ó bá tutù. Kì í ṣe pé ata inú rẹ̀ dín kù; iná àti ata ni wọ́n jọ ti ilẹ̀kùn.

Àwọn onímọ̀ yẹ àwọn èròjà mìíràn wò. Èyí tí ó wà nínú atalẹ̀ ń ṣí TRPV1. Ti ataare ń ṣí i. Ti iyèré, tí a ń fi se ọbẹ̀ fún abiyamọ, ń ṣí i bákan náà. Ní ọdún 2006, wọ́n kéde pé oró aláǹtakùn ńlá kan ní Trinidad ń ṣí ilẹ̀kùn yìí gan-an. N kò sọ pé gbogbo oró ni ó ń gba ibẹ̀. Àkeekèé ní bodè tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó sọ ata, ataare àti atalẹ̀ lórúkọ kò wo ewé tàbí òdòdó wọn. Ohun tí ara rẹ̀ sọ fún un ni ó gbọ́.

Àwọn ẹyẹ náà ní oníbodè yìí, ṣùgbọ́n tiwọn kì í ṣílẹ̀kùn fún ata. Wọ́n ń jẹ ata wẹ́wẹ́ láìmira, wọ́n sì ń yàgbẹ́ kóró rẹ̀ káàkiri, débi pé ó ń hù ní oko tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí. Oníbodè òtútù wà lọ́tọ̀, òun ni menthol inú Robb ń tàn jẹ. Ti ìfọwọ́kàn wà lọ́tọ̀, ọdún 2010 ni Ardem Patapoutian àti àwọn tirẹ̀ kéde rẹ̀. Òun àti Julius ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2021.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oníbodè bá kú? Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ń gbé ní Ìkọ̀lé ti ní àrùn àtọ̀gbẹ fún ọdún pípẹ́. Ṣúgà tí ó pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ ń ba iṣan jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn tí ó gùn jù ni ó sì sábà ń kọ́kọ́ mú, ìyẹn ti ẹsẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Màmá ń sọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta òun lóru bí ẹni pé wọ́n fi ata kùn ún. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ dákẹ́. Wọ́n dúpẹ́ pé àìsàn ti lọ.

Nígbà ọyẹ́ (òtútù ọdún ni mo ń wí, kì í ṣe ìlú Ọyẹ́-Èkìtì), wọ́n ń yáná ní àárọ̀. Màmá gbọ́ òórùn kan, wọ́n sì ní kí wọ́n wo ohun tí ń jóná. Ẹsẹ̀ tiwọn ni. Imú ni ó sọ fún wọn. Ẹsẹ̀ kò sọ nǹkan kan.

Ìdó-Èkìtì ni a gbé wọn lọ. Dókítà mú fọ́nrán ọ̀rá kan, èyí tí ń tẹ̀ bí a bá ti fi agbára gíráàmù 10 tì í, ó ń fi í kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn níbì kan sí ibì kan, ó ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n máa sọ ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lára. Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn. Oṣù mélòó kan ni ojú ọgbẹ́ fi jinná. Ọ̀rẹ́ wọn kan ti ní kí wọ́n gún ata mọ́ òrí, kí wọ́n fi pa ẹsẹ̀ kí ó lè jí. Dókítà kọ̀ ọ́ jálẹ̀: ata yóò bó ẹsẹ̀ náà, wọn kò sì ní mọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìlẹ̀mọ́ra capsaicin ní ọdún 2020 fún ìrora ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, orí awọ tí kò ní egbò sì ni.

Ní báyìí, ìgúnpá ni wọ́n fi ń dán omi ìwẹ̀ wò. Ní alaalẹ́, ọmọ-ọmọ wọn a mú tọ́ọ̀ṣì, a ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè." Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ó rí ẹ̀gún kan. Ó fà á yọ, ó ní, "Ṣé kò ta yín ni?"

"Kò ta mí," ni Màmá dáhùn. "Wo èkejì."