Oníṣẹ́ ní ogún páálí, téèpù télọ̀ ní mọ́kànlá ni

Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹni tó bá ti ìta wo ilé obìnrin télọ̀ kan n'Íkòròdú á ní owó ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò mọ̀ pé inú balùwẹ̀ ilé ọ̀hún, ọ̀dà ti bó, èbu dúdú sì ti gba ara ògiri. Owó kọpurétíìfù tó yá ló fẹ́ fi lẹ táìsì sí i, inú owó yẹn náà ló sì fẹ́ ti san owó WAEC ọmọ ẹ̀.

Ni oníṣẹ́ táìsì bá dé. Kò mú téèpù dání, ẹnu ọ̀nà ló ti na ọrùn wọlé: "Àǹtí, ẹ lọ ra ogún páálí."

Obìnrin yìí ò fèsì. Àwọn oníbàárà tiẹ̀ náà máa ń bi í pé yáàdì mélòó ni káwọn rà, kò sì jẹ́ fojú lásán wo ẹnikẹ́ni kó tó dáhùn. Nígbà tó dalẹ́, ó mú téèpù tó fi ń ránṣọ, ó pe ọmọ ẹ̀ kó wá bá òun di etí kejì mú.

Gígùn balùwẹ̀ náà jẹ́ mítà 2, ìbú ẹ̀ 1.5. Wọ́n ro ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó di mítà 7. Ibi tí wọ́n fẹ́ kí táìsì ga dé jẹ́ mítà 2.4. 7 lọ́nà 2.4 jẹ́ 16.8. Ṣùgbọ́n ta ní ń lẹ táìsì mọ́ ilẹ̀kùn? Ilẹ̀kùn jẹ́ 0.7 sí 2.1, fèrèsé 0.6 sí 0.6, méjèèjì jẹ́ 1.83. Wọ́n yọ ìyẹn kúrò, ó ku bíi 15. Wọ́n wá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, torí èyí tí wọ́n á gé ní igun àtèyí tó máa fọ́. Ó di 16.5.

Táìsì tó wù wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, sẹ̀ǹtímítà 25 sí 40 ni, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú páálí kan, ìyẹn á sì bo 1.5. Wọ́n pín in: páálí 11 péré!

"Màámi, páálí mẹ́sàn-án ni ò bá ṣòfò!" lọmọ bá pariwo.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oníṣẹ́ ò kọ́kọ́ gbà. Ó ní tí kò bá tó, èyí tí wọ́n bá tún lọ rà lè má jọ ti àkọ́kọ́. Òótọ́ sì ni o. Táìsì kan náà, tí ilé iṣẹ́ bá ṣe é lọ́jọ́ ọ̀tọ̀, àwọ̀ ẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi ń wà lára páálí.

"Mo gbọ́, bọ̀ọ̀dá," ni obìnrin náà wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ tún un wọ̀n."

Wọ́n wọ̀n ọ́n. Oníṣẹ́ họrí: "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ojú ni mo fi wò ó."

Páálí 11 ni wọ́n rà, nọ́ńbà kan náà ló wà lára gbogbo ẹ̀. Nígbà tíṣẹ́ parí, táìsì mẹ́fà ló ṣẹ́ kù, ó kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì de ọjọ́ tí ọ̀kan bá sán. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló san owó WAEC.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tún balùwẹ̀ ṣe, ẹ jẹ́ kí téèpù kọ́kọ́ dé ara ògiri, kówó tó kúrò lápò.