Rọ́bà Tó Ń Jẹ Epo

Bí ènìyàn bá tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀, kò ní kéré sí i. Ẹ̀gbẹ́ ni yóò yọ sí. Bí òkè rẹ̀ bá ṣe rẹlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ikùn rẹ̀ yóò ṣe wú tó. Àyè tí ó gbà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lójú, ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà, òun ló ń jẹ epo jẹnẹrétọ̀ mi.

Mẹkáníìkì ni bàbá mi. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì dá lórí ẹ́ńjìn síìtì, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ jókòó lé. Mo fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò. Kọ̀ǹpútà á pín rọ́bà náà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún búlọ́ọ̀kù kéékèèké, á sì máa ṣírò ìrìn wọn ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan kò gbọdọ̀ pẹ́ ju àkókò tí ìró fi ń la búlọ́ọ̀kù tó kéré jù kọjá. Bí rọ́bà bá ṣe kọ̀ láti fún pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìró ṣe ń yára nínú rẹ̀ tó. Ìṣísẹ̀ á kúrú, òru á gùn, epo á tán.

Òǹkà kan wà tí wọ́n fi orúkọ Poisson, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, pè. Ohun tí kò lè fún pọ̀ rárá ní 0.5. Bí mo bá fún rọ́bà ní 0.4999, agbára tí ó fi kọ ìfúnpọ̀ á tó nǹkan bí ìlọ́po 5,000 èyí tí kò fi fẹ́ kí ìrísí rẹ̀ yí padà. Ní 0.49, kò ju nǹkan bí ìlọ́po 50 lọ. Ìyàtọ̀ yìí nìkan ń dín iye ìṣísẹ̀ kù sí bí ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ọ̀nà kejì wà nínú búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀. Ibi mẹ́jọ ni kọ̀ǹpútà ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá ní kí àyè má yí padà ní ibi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, búlọ́ọ̀kù á gan bí igi, a ó sì ní láti gé rọ́bà wẹ́wẹ́ sí i kí ìdáhùn tó tọ́. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń béèrè ọ̀rọ̀ àyè, ní àárín. Malkus àti Hughes fi hàn ní 1978 pé èyí kì í ṣe àbùjá lásán: nígbà púpọ̀, ọ̀kan náà ni òun àti ọ̀nà tí a fi ń ṣírò ìfúnpá lọ́tọ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo ni 0.49 ti bá a mu. Ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìn síìtì ṣí sílẹ̀, ó ráyè wú. Òrùka rọ́bà tí irin há mọ́ kò ráyè, 0.49 á purọ́ nípa rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ ń fi òǹkà méjèèjì dán rọ́bà kékeré kan wò, kí n tó gbẹ́kẹ̀ lé èyí tó rọrùn.

Àwọn kan ń sọ pé irú ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà ńláńlá. N kò gbà. Nígbà tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún bàbá mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: “Ṣé yóò gbé ẹ́ńjìnnì náà dúró?” Ìbéèrè yẹn kò nílò 0.4999, n kò sì sanwó rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìbá gba òru mẹ́wàá parí ní òru kan, epo tó ṣẹ́ kù sì di iná tí àwọn àbúrò mi fi ka ìwé ìdánwò wọn.