Láti Òkè Ẹ̀fọ̀n Dé Mile 12

Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere ní Kẹ̀tú ní Èkó láìsí mọ́tò tí yóò máa fun fèrè lé e lẹ́yìn, kó dúró de ọjọ́ ìdìbò. Bí wọ́n bá ti kéde pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí àwọn ọmọ ti bọ́ sí ojú ọ̀nà Ìkòròdú. Àwọn kan á fi òkúta sàmì góòlù, àwọn kan á gbé kẹ̀kẹ́ jáde, èyí tó ní bíréèkì àti èyí tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a dúró. Láti abẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Kẹ̀tú títí dé Mile 12, wọ́n á gùn ún lọ, wọ́n á gùn ún bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2023 tí a dìbò ààrẹ, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta tí a dìbò gómìnà. Bí mo bá ń wò wọ́n, ọ̀nà ilé wa ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì ni mí. Ẹni tó bá ti gba Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì rí mọ ọ̀nà náà. Bí o bá ti kọjá Ìwárajà, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ga, òkè á dìde lọ́tùn-ún, òkè á dìde lósì, ọ̀nà á máa yí, á máa gòkè, á máa sọ̀, títí ìlú yóò fi yọ láàárín àwọn òkè náà. Apá ibẹ̀ ni omi Olúmirìn ti ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù, kò sì jìnnà sí wa. Ní ìhà kejì ni Òkèmẹ̀sí àti Ìmẹ̀sí-Ilé wà, níbi tí ìró ìbọn ogun Kírìjì ti ń dún láti òkè dé òkè láti 1877. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ogun náà gbà. Nígbà tí wọ́n fi máa bí àwa, àwọn òkè náà ti dákẹ́ pátápátá.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọkọ̀ àwọn ẹni tó rí já jẹ nígbà náà: olùkọ́, katikísì, akọ̀wé, àwọn tó ń ra kòkó. Raleigh ni, tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham, tàbí Hercules ti Birmingham, dúdú minimini. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé kò lè jókòó sórí rẹ̀. Abẹ́ irin àárín ni à ń ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ kí a tó lè wa pẹ́dà, tí gbogbo ara á dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Irin gbọọrọ ni bíréèkì rẹ̀, kì í ṣe wáyà. Dáínámò tó ń fara gbo táyà ló ń tan iná iwájú, bí kẹ̀kẹ́ bá sì ti dúró, iná á kú.

Kò ní jíà. Nítorí náà, bí a bá dé ẹsẹ̀ òkè, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó máa tì í lọ. Kò sẹ́ni tó kà á sí ìtìjú. Tíṣà ni bàbá mi. Ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á wà lórí kárííà, òun á máa ti kẹ̀kẹ́, èmi á máa tẹ̀lé e. Bí a bá ti gun òkè tán, á gbé mi sórí irin iwájú, á ní kí n di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú dáadáa, a ó wá jẹ́ kó máa yọ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ létí àti ìró ṣéènì nìkan là ń gbọ́, àfi bí ẹyẹ bá ké láti inú igbó.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ ni kíkí. Kẹ̀kẹ́ kì í yára ju ẹnu lọ. Ìyá tó ru igi, bàbá tó ń ti oko ẹmu bọ̀, ọmọ tó ń lọ pọn omi, kò sí èyí tí bàbá mi kì í kí. “Ẹ kú uṣẹ́ o.” “Ẹ kú ẹrù o.” Wọ́n á dá a lóhùn, wọ́n á béèrè ìyàwó, wọ́n á béèrè ọmọ, gbogbo rẹ̀ á sì ti parí kí a tó kọjá wọn. Bí táyà bá jò, abúlé tó bá súnmọ́ la ó yà sí. Ìjókòó àti omi á ti dé iwájú wa kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ọmọ ta ni wá.

Owó epo rọ̀bì ló kọ́kọ́ gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí ìjọba fi san owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù, ní 1975, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rí owó gbà lẹ́ẹ̀kan náà, alùpùpù sì wọ ìlú. Honda àti Suzuki ń gun òkè tí bàbá mi ń fẹsẹ̀ rìn, láìmí. Kẹ̀kẹ́ di ti ẹni tí Udoji kò dé ọwọ́ rẹ̀. N kò ní bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí. Ẹni tó bá ti gbé àpò kòkó sórí kárííà, tó sì ti tì í gun òkè Ẹ̀fọ̀n nínú oòrùn ọ̀sán, mọ ohun tí alùpùpù gbé kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ní Èkó, ti kẹ̀kẹ́ kò tètè parí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Kẹ̀tú, wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn láti 1978, ṣùgbọ́n wọn kò tíì parí afárá Third Mainland; 1990 ni wọ́n parí ìyẹn. Ní Ìkòsì àti Alápẹ́rẹ, oníháyà kẹ̀kẹ́ ṣì wà ní ojúlé. Ọmọ á sanwó, wọ́n á wo aago, á gùn ún yí àdúgbò ká títí wọ́n á fi pariwo pé àkókò rẹ̀ ti pé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kòsọ́fẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ wa, tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn, kẹ̀kẹ́ háyà ló fi kọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni èrò pọ̀. Tírélà tó ń gbé tòmátì, ata àti iṣu láti Òkè Ọya wá sí ọjà Mile 12 kò mọ òru mọ ọ̀sán. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 2008, ọkọ̀ akérò BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 lọ sí CMS, wọ́n sì ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún un. Ní 2015 wọ́n fà á dé Ìkòròdú. Ó ran àwa ará Kẹ̀tú lọ́wọ́, ẹnì kan kò lè jiyàn rẹ̀. Ní 2018, ìjọba Èkó gbé ìlànà kan jáde tó dárúkọ ẹlẹ́sẹ̀ àti agunkẹ̀kẹ́, mo sì yọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìkòròdú tí mo ń gbà yìí, ìwọ̀n apá kan péré tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ kò tíì sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún fòfin de ọ̀kadà ní Kòsọ́fẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2022, mo ní ológeere yóò wọlé padà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló gba àyè náà. Bí a bá ń wá ibi tí kò sí mọ́tò, Agbóyì wà lóòótọ́, tí à ń wọ ọkọ̀ ojú omi dé láti etí omi Kẹ̀tú, tí danfo kò lè fun fèrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ omi ni, kò sí òkè, bí odò Ògùn bá sì kún, ọ̀nà á di odò.

Àwọn kan á ní, ṣebí òkè ṣì wà ní Èkìtì. Òkè kò ṣí lọ. Àwọn ọ̀nà kéékèèké tó wọ inú oko ṣì dákẹ́, wọ́n tilẹ̀ dákẹ́ ju ti ìgbà bàbá mi lọ, nítorí èrò kò gbà wọ́n mọ́. Ìdákẹ́ náà gan-an là ń sá fún báyìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé gbé ní Èmùré pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Láti ìgbà náà, bí mo bá sọ fún àwọn ará ilé pé ọ̀nà tí kò sí mọ́tò ló wù mí láti gbà, ìbéèrè wọn kò ju ẹyọ kan lọ: “Bí ẹ bá kígbe, ta ni yóò gbọ́?”

Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tí kíkí bàbá mi ń ṣe. Bàbá mi kò dá rìn rí. Bí a bá pẹ́ délé, ìyá mi mọ ẹni tí yóò bi: ìyá onígi ti rí wọn ní ẹsẹ̀ òkè, ẹlẹ́mu ti rí wọn ní etí odò, ọmọ apọnmi gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ wọn kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ni gbogbo wọn, láìgba owó oṣù. Ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà wa dá sílẹ̀ ní 2020 ń gbìyànjú, mo sì ń gbàdúrà fún wọn. Síbẹ̀, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré kò lè mọ ojú àlejò láàárín ojú ará ilé. Ẹni tó ń rìn, tó ń kí èèyàn, ló mọ̀ ọ́n. Bí mo bá jẹ́ aláṣẹ, kẹ̀kẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ rà fún àwọn tó ń ṣọ́ abúlé.

Ọmọ ọmọ mi ní kẹ̀kẹ́ báyìí, ó sì ń bi mí nígbà gbogbo pé, “Bàbá àgbà, ìgbà wo la máa gùn ún dé Ẹ̀fọ̀n?” N kò tíì dá ọjọ́ fún un. Ní òwúrọ̀ Sunday, a máa ń gbé e lọ sí Màgódò, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń fi bíréèkì ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ fún un pé gbogbo mẹ́gáàdì tí a bá kọjá ló gbọ́dọ̀ kí. Ojú kọ́kọ́ ń tì í, ó ti mọ́ ọn lára báyìí, wọ́n sì ń fi orúkọ dá a lóhùn. Sunday kan wà tí ibà kò jẹ́ kó jáde. Nígbà tí a padà lọ, ọ̀kan nínú wọn dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí a gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá.