Àpótí Márùn-ún, Etí Méjì

Ó ti lé ní oṣù kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Àbúrò mi ọkùnrin ló ra rìsífà tòkunbọ̀ kan fún mi ní ọjà Alaba, pẹ̀lú sípíkà márùn-ún àti úúfà kan tó ga dé orúnkún mi. Ó tò wọ́n sí pálọ̀ mi n'Íbàdàn: ọ̀kan lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, méjì lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, méjì tó kù lẹ́yìn àga. Nígbà tó lọ tán, mo ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, mo sì fi àwo àpàlà Haruna Ishola tí bàámi fẹ́ràn jù láyé ṣíṣọ lójú ẹ̀rọ náà.

Ohùn Haruna jáde, ṣùgbọ́n inú sípíkà kékeré tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ti jáde. Mo dìde, mo gbé etí lé ti ọ̀tún, kò fọhùn. Ti òsì náà dákẹ́ rọ́rọ́. Mo lọ sẹ́yìn àga, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú àwọn méjì tó wà níbẹ̀, wọn kò gbọ̀n rárá. Mo ti gbà pé wáyà ló já.

Orin jùjú kan ló tẹ̀ lé e lórí fíláàṣì náà. Àfi gììrì, márààrùn-ún jí. Gìtá kan ń dún lọ́tùn-ún, òmíràn ń dá a lóhùn lósì, olórin dúró sáàárín, ohun kan tó fara jọ gbohùngbohùn àtẹ́wọ́ sì ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo dá a padà sórí Haruna, mẹ́rin tún kú. Nínú gbogbo rẹ̀, lẹ́tà tó ń tàn lójú ẹ̀rọ náà kò yí padà: PLII Movie.

Mo pe àbúrò mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tẹ All Channel Stereo jàre, kí gbogbo wọn jọ máa ké. Ṣebí sípíkà márùn-ún la sanwó fún.” Mo tẹ̀ ẹ́. Haruna márùn-ún bọ́ sí pálọ̀ mi, wọ́n yí mi ká, gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dára fún ẹni tó ń ṣe àríyá. Èmi kò lè fi ọ̀rọ̀ náà sùn. Ta ló sọ fún ẹ̀rọ yìí pé orin kan tó sípíkà márùn-ún, tí èkejì kò fi ju ọ̀kan lọ? Nínú orin méjèèjì, kò sẹ́ni tó kọ “ẹ̀yìn” síbì kankan.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Orin tí à ń pè ní stereo, ìlà ohùn méjì péré ló ní, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Ìgbì sì ni ohùn: ojú sípíkà á ti afẹ́fẹ́ síwájú, á tún fà á sẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ náà bá wà lórí PLII, ṣe ló ń fi ìlà méjèèjì wé ara wọn láìsinmi. Ohun tó bá bára mu nínú méjèèjì, àárín ló ń gbé e sí. Ohun tó bá wà lápá kan ṣoṣo, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ìlà kan bá ń tì nígbà tí èkejì ń fà á, tí wọ́n ta ko ara wọn pátápátá, ẹ̀yìn ló ń jù ú sí. Bí àgbà tó ń gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya ni. Ohun tí ọkọ sọ tí ìyàwó náà sọ, àgbà á gbé e sí àárín ilé, kò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tí ọ̀kan dá sọ wà lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́. Ibi tí ọ̀kan ti ní “bẹ́ẹ̀ ni” tí èkejì ní “irọ́ ni”, ibẹ̀ ni àgbà ń gbé pa mọ́ sẹ́yìn ọkàn.

Tìtorí sinimá ni wọ́n ṣe dá a. Ilé iṣẹ́ Dolby, tí Ray Dolby dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1965, ló wá ọgbọ́n láti ká ohùn mẹ́rin, ti òsì, ti àárín, ti ọ̀tún àti ti ẹ̀yìn, sínú ìlà méjì tó wà létí fíìmù. Star Wars ti 1977 ló jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní 1982 ó wọ inú ilé wá. Ní 1987 ni Pro Logic dé, tó fún ohùn àárín ní sípíkà tirẹ̀. Ní 2000 ni Pro Logic II tí Jim Fosgate ṣe dé, òun ni PLII tó ń tàn lójú ẹ̀rọ mi, èyí tó lè tú orin lásán, tí ẹnikẹ́ni kò ká nǹkan kan sí nínú, sí ojú ọ̀nà márùn-ún.

Ìdí nìyẹn tí Haruna fi dúró lójú kan. Àwo àtijọ́ ni, ohùn ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà sílẹ̀. Ohun tó wà lósì náà ló wà lọ́tùn-ún, kò sí iyàn láàárín wọn. Ẹ̀rọ náà wá ìyàtọ̀ títí, kò rí, ó sì sọ ohun tó rí. Kò bàjẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Àwọn móòdù tó kù kò gbà mí lákòókò. Hall àti Jazz Club kàn ń bu gbohùngbohùn ilé ńlá lé orin ni, èmi kò sì fẹ́ ẹ. Fíìmù tó bá wà lórí DVD pẹ̀lú 5.1 ti Dolby, irú èyí tí Batman Returns gbé wọ sinimá ní 1992, sípíkà kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún un; .1 yẹn, ti úúfà ni, torí ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbé. Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó ka ohun tí wọ́n kọ. Orin àtijọ́, Stereo, ó parí.

Ohun tí kò jẹ́ kí n simi ni ìlà méjì yẹn. Kí ló dé tí méjì fi tó?

Ní 1931, Alan Blumlein, ẹnjiníà ní EMI ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n sọ pé ó lọ wo sinimá pẹ̀lú obìnrin tó padà di aya rẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà lápá kan, ohùn rẹ̀ ń jáde lápá kejì. Ó ní òun mọ bí òun yóò ṣe mú kí ohùn máa tẹ̀ lé ẹni tó ni ín. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fi ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba pé òun ló hùmọ̀ rẹ̀: stereo nìyẹn. Ọmọ ọdún 38 ni nígbà tó kú ní 1942, nínú ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fi ń dán rédà wò lásìkò ogun. Ohun tó lò ni pé etí méjì ni Ọlọ́run fún wa, àlàfo àárín wọn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 18 lọ. Bí ẹnì kan bá pè ọ́ lápá òsì, etí òsì á gbọ́ ṣáájú, á sì gbọ́ ọ ketekete ju ti ọ̀tún lọ. Àkókò tó fi ṣáájú kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ orí ti mọ ibi tí yóò kọjú sí. Mú etí kan kúrò, ìyàtọ̀ náà ti lọ. Ohùn á wọlé, ṣùgbọ́n kò ní ní àdírẹ́sì.

Ibi tí mo kà á dé nìyí tí mo fi pa ìwé náà dé.

Ọjọ́ kan wá sí mi lọ́kàn, nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Màámi rán mi níyọ̀ ní Ọjà Ọba. Mo rí bàámi lódìkejì títì, wọ́n ń lọ, èjìká òsì wọn ló kọ sí mi. Mo ké pè wọ́n. Wọ́n dúró. Wọ́n wo ọ̀tún. Wọ́n wo iwájú, wọ́n yí gbogbo ara sẹ́yìn, wọ́n tún wo ọ̀tún. Mo ju ọwọ́ sókè, mo tún ké “Bàámi!” Ojú wọn kò dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ká agbádá wọn sí èjìká, wọ́n bá tiwọn lọ. Mo dúró pẹ̀lú iyọ̀ lọ́wọ́, àwọn aláta ń wò mí. Mo gbà lọ́kàn mi pé wọ́n rí mi, pé ojú ló tì wọ́n láti dá mi lóhùn níta torí pé n kò wọ bàtà. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kú, n kò bi wọ́n.

Àwọn nǹkan mìíràn wá ń tò tẹ̀ lé e. Àga wọn nílé, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni, ògiri lósì, gbogbo ìdílé lọ́tùn-ún. Ẹ̀rọ giramafóònù wọn, sípíkà òsì rẹ̀ ti kú kí n tó mọ orin yàtọ̀ sí ariwo. Màámi á ní kí wọ́n pe ẹni tí yóò tún un ṣe. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa ń fún un: “Èmi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.”

Mo pe màámi lóru ọjọ́ yẹn. “Màámi, ṣé etí bàámi méjèèjì ló ń gbọ́rọ̀?”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ta ló sọ fún ọ? Ṣegede ló ṣe wọ́n ní kékeré, àtìgbà náà ni ti òsì ti di. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹ̀yin ọmọ. Wọn ò fẹ́ kí ẹ máa pariwo mọ́ àwọn bí adití.”

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi bá bàámi bínú lórí ọ̀rọ̀ Ọjà Ọba. Wọ́n dúró. Wọ́n wá mi.

Mo padà sí pálọ̀. Mo gbé rìsífà sórí Stereo, mo yọ wáyà sípíkà òsì, mo fi Haruna sí i. Mo jókòó, mo fi ìka di etí òsì mi, mo pa ojú dé. N kò lè sọ apá ibi tí ohùn ti ń bọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń lọ, agídìgbo ń lọ, Haruna ń pe orúkọ àwọn tó ń kì, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó sọnù. Òótọ́ ni bàámi sọ. Wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.